Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ, Ẹyin Awó, Ẹyin Gúùsì: Oúnjẹ Amáradàgbà Tí Ó Wà Ní Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ ẹyin ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ẹyin adìẹ àgíríìkì tí a ń tò sínú kéréètì ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ nìkan ni a ní lọ́kàn. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ wà nínú rẹ̀, ẹyin awó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin gúùsì, ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tí ó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí àwọn díẹ̀ láàárín wa ń sìn nínú ọgbà, kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní àdúgbò kan ní ìlú Oǹdó, mo lọ bẹ abiyamọ kan wò ní ilé rẹ̀. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ibi ìwọ̀n ọmọ ní ibùdó ìlera ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọmọ oṣù méjìdínlógún ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé kò tí ì pé ọdún kan. Irun orí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó sì ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàdo. Nígbà tí a fi okùn ìwọ̀n wé apá rẹ̀, ojú àwọ̀ ìyeyè ni ó bọ́ sí. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀kọ mímu ni ó ń fún un láàárọ̀, iyán àti omi ọbẹ̀ ilá ní ọ̀sán, ẹ̀kọ mímu náà ni ní alẹ́. Ọmọ ń yó, ṣùgbọ́n kò dàgbà.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí abo pẹ́pẹ́yẹ kan tí ó sàba lé ẹyin mẹ́tàlá nínú agbọ̀n gbígbó kan lábẹ́ igi ọsàn. Abo méjì mìíràn ń rìn kiri nínú ọgbà. Mo bi ìyá ọmọ bóyá ọmọ rẹ̀ máa ń rí ẹyin jẹ. Kí ó tó lanu, ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń bó ẹ̀gúsí, ti dá mi lóhùn: “Ọmọ mi, ta ní í fún ọmọdé ní ẹyin? Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ wa di olè ni?”

Mo kúnlẹ̀ kí màmá náà tán, mo jókòó tì í, mo sì bá a bó ẹ̀gúsí díẹ̀. Ìgbà náà ni ó tún wí pé: “Ẹyin mẹ́tàlá tí o rí yẹn, bí Ọlọ́run bá dá a sí, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́tàlá ni. Owó ilé-ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni pẹ́pẹ́yẹ mẹ́tàlá. Ìwọ wá ní kí n kó o fún ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.”

N kò lè sọ pé màmá náà kò gbọ́n. Ẹyin ní í di àkùkọ. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Ẹni tí ó bá jẹ ẹyin lónìí ti jẹ ẹran ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà níwájú wa kò lè dúró de ọ̀la náà, nítorí ọdún méjì àkọ́kọ́ ní ayé ọmọ ni ọpọlọ rẹ̀ ń yára dàgbà jù lọ, tí egungun rẹ̀ sì ń nà. Ohun tí ó bá fò ó dá ní àkókò náà ṣòro láti rí gbà padà.

Ọ̀RỌ̀ ẸYIN ÀTI OLÈ

Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ ọ nílé bàbá yín pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Èmi pẹ̀lú gbọ́ ọ. Ní ìgbà èwe mi, bàbá ni a ń gbé ẹyin sí lórí oúnjẹ. Àwa ọmọ a máa wò ó títí tí yóò fi gbé e mì. Èrò tèmi ni pé àwọn baba ńlá wa kò pa ọ̀rọ̀ náà lásán. Adìẹ ìbílẹ̀ kì í yé ju ẹyin díẹ̀ lọ kí ó tó sàba, ọmọdé ni ó sì mọ ibi tí ìtẹ́ wà jù àgbàlagbà lọ. Bí ọmọ bá ti mọ bí ẹyin ti dùn tó, yóò máa yọ́ lọ sí ìdí ìtẹ́, adìẹ kò sì ní pa ọmọ mọ́. Òfin tí a fi ń dáàbò bo ìtẹ́ ni, bí mo ti rí i. Kò sí ohun kan nínú ẹyin tí ó lè sọ ẹnikẹ́ni di olè. Ẹ wo àwọn olè tí a ń mú lóde òní, ṣé ẹyin ni gbogbo wọn jẹ dàgbà?

Ohun kan tún wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ń sìn gúùsì nínú ọgbà wọn máa ń sọ pé nítorí olè ni wọ́n ṣe ń sìn ín, nítorí bí àlejò bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò pariwo tí yóò sì nà ọrùn sí i. Ẹyẹ tí ń lé olè náà ni ó ń yé ẹyin tí a ní yóò sọ ọmọ di olè!

Aboyún pẹ̀lú a máa gbọ́ ìkìlọ̀ irú èyí. Aboyún nílò ẹyin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ẹni méjì ni ó ń jẹun fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi í dù ú.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ẹyin adìẹ kan tí ó wọn gíráàmù 50 ní nǹkan bíi gíráàmù 6 èròjà amáradàgbà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní purotéènì. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tóbi jù ú lọ: bí ó bá wọn gíráàmù 70, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ tó gíráàmù 9. Ẹyin gúùsì ni bàbá gbogbo wọn. Ẹyọ kan lè wọn nǹkan bíi gíráàmù 144, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin adìẹ mẹ́ta, gíráàmù 20 èròjà amáradàgbà sì wà nínú rẹ̀. Ẹyin awó kéré sí ti adìẹ díẹ̀, èèpo rẹ̀ sì le, nítorí náà kì í tètè fọ́ lójú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tí ń kó o wá láti Òkè Ọya, níbi tí awó ti ń yé púpọ̀ ní àkókò òjò, fi lè gbé e rìn jìnnà.

Yàtọ̀ sí èròjà amáradàgbà, fítámì A tí ń ran ojú lọ́wọ́ wà nínú pupa ẹyin. Fítámì B12 wà níbẹ̀, èyí tí a kì í rí nínú ẹ̀fọ́ tàbí èso tàbí iṣu. Èròjà kan tí a ń pè ní kólíìnì, tí ó ń ran ọpọlọ ọmọ lọ́wọ́ láti inú oyún, pọ̀ nínú pupa ẹyin ju inú ọ̀pọ̀ oúnjẹ mìíràn lọ. Pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti ti gúùsì tóbi, ọ̀rá sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti adìẹ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń yó ni kíákíá.

Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín: ẹyin kò pé tán. Kò sí fítámì C nínú rẹ̀ rárá. Èròjà irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á. Bí ọmọ bá jẹ ẹyin tán, tí ẹ bá fún un ní ọsàn díẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ tàbí gúáfà, fítámì C inú èso náà yóò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ó wà nínú oúnjẹ yòókù, pàápàá ti ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ọsàn wà ní ẹ̀yìnkùlé tí mo ń sọ yìí, orí igi náà ni pẹ́pẹ́yẹ sàba sí ìdí rẹ̀.

Ẹ lè bèèrè pé ẹ̀rí wo ni ó wà pé ẹyin ń mú ọmọ dàgbà. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìlera tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní 160 ni wọ́n lò, ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ẹyin kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, wọn kò fún àwọn yòókù. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ewu kí ọmọ má ga tó ọjọ́ orí rẹ̀ dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ó jẹ ẹyin. Lẹ́yìn èyí ni a tún dán irú rẹ̀ wò ní Màláwì, ní agbègbè tí ó wà létí adágún ńlá wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ gíga tí a rí ní Ecuador kò hàn níbẹ̀. Ẹja ni àwọn ọmọ Màláwì yẹn ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ẹyin kì í ṣe oògùn àwúre. Ọmọ tí ó ń rí ẹja tàbí ẹran jẹ déédéé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀kọ mímu nìkan wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni yóò rí àǹfààní rẹ̀ jù lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n láàárín wa. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ènìyàn Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ pé ọmọ tí ó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹran, tàbí ẹja, tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ni. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ẹyin.

Àìsàn tí ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tí gbogbo ayé ń pè ní kwashiorkor, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni a ti fún un ní orúkọ. Obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, ni ó mú orúkọ náà láti inú èdè Gà ní ọdún 1935. Àìsàn tí ń mú ọmọ àkọ́já-lọ́mú nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá Gà ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó mọ̀ ọ́n.

BÍ A TI Ń MÚ ẸYIN LÁÌPA ỌMỌ ẸYẸ RUN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ màmá àgbà. Ẹyin tí ẹyẹ ti ń sàba lé kì í ṣe oúnjẹ mọ́. N kò sọ pé kí wọ́n kó mẹ́tàlá yẹn. Àwọn abo méjì yòókù ni mo ń wò.

Pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ wa a máa yé ẹyin díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la tàbí lọ́túnla, títí tí yóò fi kún inú ìtẹ́ bí mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó tó jókòó lé e fún nǹkan bí ọjọ́ márùndínlógójì. (Ti adìẹ kò ju ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ, ti gúùsì tó nǹkan bí oṣù kan.) Ní àkókò tí ó ń yé yìí ni kí ẹ mú nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ tán, nítorí bí ẹyẹ bá rí i pé ìtẹ́ òun ṣófo, inú igbó ni yóò lọ yé sí, àti òun àti ẹyin rẹ̀ yóò sì di ti ọ̀kadà àti ejò. Ẹ fi bíi mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ máa mú èyí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Bí ẹ bá ti ń mú un báyìí, ẹyẹ yóò máa yé lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Nígbà tí ó bá yá, ẹ jẹ́ kí ó kó ti rẹ̀ jọ, kí ó sì sàba.

Bí ẹ kò bá dá ẹyin kan lójú, ẹ gbé e sí iwájú iná tọ́ọ̀ṣì nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Èyí tí ó mọ́ gaara dára. Èyí tí ẹ bá rí iṣan pupa nínú rẹ̀ ti ń di ọmọ, ẹ dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ tún lè gbé ẹyin sínú abọ́ omi: èyí tí ó bá sùn sí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, èyí tí ó bá nàró ti ń gbó, èyí tí ó bá léfòó, ẹ sọ ọ́ nù. Atẹ́gùn tí ń wọ inú èèpo bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ó ń gbé e sókè.

ÌMỌ́TÓTÓ

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹyẹ inú ẹrẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ, bẹ́ẹ̀ ni gúùsì. Ẹyin wọn a máa dọ̀tí ju ti adìẹ lọ, kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní sàlìmónẹ́là sì lè wà lára èèpo tàbí nínú ẹyin gan-an. Kòkòrò yìí ni ó ń fa èébì, inú rírun, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, ọmọ kékeré sì lè tipa rẹ̀ kú. Ẹ gbin koríko gbígbẹ sínú ìtẹ́ kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá mú ẹyin, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún; ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, nítorí omi a máa gbé ìdọ̀tí gba ojú ihò èèpo wọlé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹyin tí ó ti sán, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ibi tútù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí orí rẹ̀ tí ó mú kọjú sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí kò bá sí ẹ̀rọ amóhun-tutù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹyẹ tàbí ẹyin tútù.

Ẹ sè é jinná. Funfun rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì, pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì. A mọ̀ pé àwọn akọrin àti àwọn olùkéwì a máa mu ẹyin tútù kí ohùn wọn lè já gaara, àwọn kan sì máa ń po ó mọ́ mílíìkì àti ọtí dúdú fún aboyún pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Ẹ má ṣe dán an wò. Yàtọ̀ sí ewu kòkòrò, ohun kan wà nínú funfun ẹyin tútù tí kì í jẹ́ kí ara gba ọ̀kan nínú àwọn fítámì. Iná ni ó ń pa agbára rẹ̀. Nígbà tí àrùn ẹyẹ wọ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2006, tí Nàìjíríà sì jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a ti rí i, ìmọ̀ràn kan náà yìí ni a fún gbogbo ilé: iná ní í pa á. Bí ẹyẹ yín bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe jẹ ẹran rẹ̀ tàbí ẹyin rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn oníṣègùn ẹran ọ̀sìn.

BÍ A TI LÈ SÈ É

Fún ẹyin adìẹ tí a fẹ́ sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀, bí omi bá ti hó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá tó. Fún ti pẹ́pẹ́yẹ, ẹ fi kún un tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti gúùsì nípọn, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí iná fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Inú omi tútù ni kí ẹ ti kó ẹyin sí kí ẹ tó dá iná, kí ó má baà sán. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé díẹ̀ yí pupa ẹyin ká, ó pẹ́ lórí iná ni, kò lè ṣe yín ní ibi kankan.

Funfun ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti ti gúùsì ki ju ti adìẹ lọ. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò le bí rọ́bà, ọmọdé yóò sì tu ú jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ lo iná díẹ̀. Ẹ gé tòmátì, àlùbọ́sà àti ata rodo díẹ̀, ẹ dín in pẹ̀lú òróró kékeré títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ da ẹyin tí ẹ ti lù pọ̀ lé e, kí ẹ máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹyin gúùsì kan ṣoṣo tó ará ilé mẹ́ta jẹ iṣu, bí iṣu náà bá jẹ́ iṣu gidi. Àwọn tí ń ṣe kéèkì mọ̀ pé pupa ńlá inú ẹyin wọ̀nyí a máa mú kéèkì rọ̀, kí ó sì dùn, kí wọ́n sáà fi ẹyin gúùsì kan dípò ti adìẹ mẹ́ta.

Fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ẹ rún pupa ẹyin tí ó jinná dáadáa mọ́ ẹ̀kọ mímu tàbí iṣu rírún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kékeré kan. Ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ara rẹ̀ bá ń yún, tí ojú tàbí ètè rẹ̀ wú, tàbí tí ó ń bì, ara rẹ̀ kò gba ẹyin nìyẹn. Ẹ dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ fi funfun rẹ̀ kún un, kí ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i. Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ó fẹ́ ṣe dáadáa: wọn a fọ́ ẹyin tútù sínú ọ̀gì, wọn a da omi gbígbóná lé e, wọn a ní ó ti jinná. Kò jinná. Orí iná ni kí ẹ gbé ọ̀gì náà kà, kí ẹ máa rò ó, kí ó hó dáadáa pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀.

Mọ́ínmọ́ín ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo wa ni a mọ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, èyí tí ẹyin jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní agbára ẹ̀mí méje, kí ó fi ẹ̀mí kan ṣe é. Ẹ lu ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan pọ̀ mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ tí ó tó ife mẹ́ta, ẹ fi edé díẹ̀ àti epo pupa sí i, ẹ pọ́n ọn sínú ewé, kí ẹ sì sè é jinná. Ẹyin kan ṣoṣo yóò kárí ọmọ mẹ́rin, kò sì sí èyí tí yóò lè mú un yọ jáde nínú tirẹ̀. Àwa tí a dàgbà sínú ilé oníyàwó púpọ̀ mọ àǹfààní èyí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Pupa ẹyin gúùsì àti ti pẹ́pẹ́yẹ ní ọ̀rá tí a ń pè ní kolẹ́sítẹ́róòlù nínú gan-an. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ní ti ẹyin wínníwínní alámì dúdú, ti ẹyẹ quail, tí àwọn kan ń polówó pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sàn, oúnjẹ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Márùn-ún rẹ̀ ni ó tó ẹyin adìẹ kan. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sọ oògùn dókítà nù.

ÌGBÀ TÍ ẸYIN NÌKAN KÒ TÓ

Okùn ìwọ̀n apá tí mo dárúkọ lókè wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí apá ọmọ bá wọn ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ, àwọ̀ ewé ni. Láàárín 11.5 sí 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni: ẹ tètè tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì máa gbé e wá fún ìwọ̀n. Bí kò bá tó 11.5, àwọ̀ pupa ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì fún bí ìgbà tí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi ni ó wà nínú ẹsẹ̀ náà. Ẹ má ṣe dúró se ẹyin.

Ọmọ Oǹdó tí mo ń sọ yìí kò tí ì dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà láti máa fi ẹ̀wà àti edé kún oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa ra ẹyin àgíríìkì kọ̀ọ̀kan nígbà tí owó bá yọ̀. Màmá àgbà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí n tó tún gba àdúgbò náà kọjá. Apá ọmọ ti kọjá ojú ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Pẹ́pẹ́yẹ àkọ́kọ́ ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá ti gbé méjì nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn abo yòókù ti ń yé sínú agbọ̀n kan náà lábẹ́ igi ọsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo sì rí ẹyin márùn-ún. Ẹnì kan ti fi èédú fa ìlà sí ara méjì nínú wọn. Mo bi ìyá ọmọ pé kí ni ìlà wọ̀nyẹn. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbọ́, ó sì rọ ohùn sílẹ̀: “Màmá ni ó fa á. Wọ́n ní ti ọmọ àwọn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.”